Ewúro Nínú Ilẹ̀ Oníyanrìn: Kí Ló Yẹ Kí Ará Ọ̀jọ́ Gbìn Sí Àgbàlá?



Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nínú gbogbo ohun tí a lè gbìn sí àgbàlá ilé wa ní agbègbè Ọ̀jọ́ yìí ní Èkó, èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ààyè, tí yóò la ẹ̀ẹ̀rùn já láti oṣù Kejìlá títí òjò yóò fi padà dé, láìjẹ́ pé a ń ra omi wọ́n ọn? Ìdáhùn mi kò gùn: ewúro ni. Kì í ṣe ewúro kan ṣoṣo tó dá dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí àfi lọ́jọ́ tí inú bá ń run ọmọ. Ewúro tí a dìídì gbìn ni mò ń sọ, tí a ń gé, tí a ń tọ́jú, tí a sì jẹ́ kó dé ojú ilé. Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo wá rò níwájú yín, ní ìpele márùn-ún.

1. Ohun tí à ń pè ní ìbílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohunkóhun tí ìyá ìyá wọn bá ti mọ̀, ọmọ ìbílẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa. Àgbàdo, ata, ìbẹ́pẹ àti kajú, ilẹ̀ ibẹ̀ náà ló bí wọn. Máńgòrò wá láti Íńdíà. Wọ́n ti di tiwa nínú ìkòkò, a kò sì ní lé wọn dànù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ yìí ló hù wọ́n.

Èyí tó ń tan ni jẹ jù ni Akíntọ́lá-ta-kú, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì yóò ní ewé wo ló tún lè jẹ́ ọmọ Yorùbá ju èyí lọ. Ewé Amẹ́ríkà ni. Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ kò sí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láti Ìyànà Ìbà dé Badagry tí kò tíì bò mọ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó gbẹ pátápátá, ẹyọ ìṣáná kan sì tó láti sọ ọ́ di iná ńlá. Ẹ jẹ́ ká fi í sọ́kàn, nítorí ó fi hàn pé ohun tí ojú mọ̀ lè máà jẹ́ ohun tí ilẹ̀ mọ̀.

Ohun tí mò ń pè ní ìbílẹ̀ nìyí: ohun ọ̀gbìn tó ti wà lórí ilẹ̀ kan kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó gbìn ín síbẹ̀, tí òjò ilẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀, kòkòrò rẹ̀ àti àrùn rẹ̀ ti dán wò láti ìgbà láéláé. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àgbàlá wa, púpọ̀ nínú ohun tí a ń ná owó lé lórí kò ní yege. Ìksórà tí a fi ń ṣe ọgbà, Éṣíà ló ti wá. Bougainvillea, Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Igi gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ egúngún, tí ó tò sí ojú pópó ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì ní Èkó, láti Íńdíà àti Sri Lanka ló ti rìn wá. N kò bá wọn jà. Mo kàn ń sọ pé ewúro kò wọ ọkọ̀ kankan wá. Láti Guinea dé Ethiopia, títí lọ sí ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ó ṣì ń dá hù fúnra rẹ̀ ní etí igbó àti nínú ọ̀dàn.

2. Ohun tí ìfaradà ọ̀dá jẹ́

Ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn yìí lè máa bi ara rẹ̀ pé, ọ̀dá wo? Ṣé kì í ṣe Èkó la wà ni, níbi tí òjò ti ń gbé mọ́tò lọ? Ìbéèrè tó dára ni. Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún lé ní 1,500 mìlímítà, kò sì sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n òjò ọ̀hún kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje ló ń rọ̀ jù, ó ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó tún ń padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Lẹ́yìn náà, ó di gbére. Nígbà tí ọyẹ́ bá gba orí Sàhárà sọ̀kalẹ̀ ní ìparí ọdún, ọ̀sẹ̀ lè tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ láìsí ẹ̀kán omi kan.

Ilẹ̀ wa náà wá lọ́wọ́ sí i. Lápá ọ̀sà, ẹrẹ̀ ni. Bí a bá ti kúrò létí omi, iyanrìn ni, àgàgà níbi tí wọ́n ti fi iyanrìn kún àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé. Omi kì í dúró nínú iyanrìn. Òjò tó rọ̀ lánàá ti kọjá lọ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò kéékèèké tó rí i mu. Nítorí náà, ohun tí a gbìn sínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ń rí ọ̀dá lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sà kò jìnnà sí i. Ẹni tó ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà kò sì ní dà á sídìí òdòdó kí àwọn ọmọ máà rí fi wẹ̀. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 2008 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Mo gbóríyìn fún wọn, mo sì ń rọ̀ yín pé kí ẹ máa kópa. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, ohun gbogbo ló tutù yọ̀yọ̀. Oṣù Kínní ni ìdánwò ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ igi tó yẹ àgbàlá rẹ̀, kó jáde lọ wò ó nínú ọyẹ́.

Kí wá ni ìfaradà ọ̀dá? Kì í ṣe àìmọ òùngbẹ. Kò sí ewéko tí kì í mu omi. Ohun mẹ́ta ni mo fi ń dá a mọ̀. Àkọ́kọ́, tí a bá ti ràn án lọ́wọ́ títí gbòǹgbò rẹ̀ fi múlẹ̀, kò ní béèrè ìrànlọ́wọ́ mọ́. Èkejì, nígbà tí omi bá wọ́n, ó mọ bí a ṣe ń dín ìnáwó kù: ó ń gbọn ewé àgbà sílẹ̀, ó ń yọ ewé kéékèèké, kò sì ní kú. Ẹ̀kẹta, tí òjò bá padà, yóò rú láti ara igi tàbí láti ìdí, kò ní dúró de ẹni tí yóò tún un gbìn. Ewúro ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

3. Ewúro fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìmú kúrò. Ewúro odò wà, tí wọ́n ń gbìn sí àbàtà àti etí odò, tí wọ́n sì ń tà lọ́jà bí ẹ̀fọ́. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n omi ni ewúro odò ń gbé. Ẹ gbìn ín sínú iyanrìn gbígbẹ, kò ní rí ọ̀sẹ̀ kejì. Ewúro tí mò ń sọ ni ewúro jíjẹ, èyí tó ń di igi. Ará Faransé kan, Delile, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ewéko ní ọdún 1826, láti ara ewéko tí arìnrìn-àjò kan kó bọ̀ láti ìrìn àjò rẹ̀ sí Méroé ní ilẹ̀ Sudan. Fún ìgbà pípẹ́, Vernonia amygdalina ni wọ́n ń pè é. Lónìí, Gymnanthemum amygdalinum ni àwọn onímọ̀ ń kọ.

Ẹ sún mọ́ ọn. Èèpo ara igi rẹ̀ rí págunpàgun, ó sì là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀ka rẹ̀ rọrùn láti ṣẹ́. Ewé rẹ̀ gùn ju bó ti fẹ̀ lọ, ó sì mú ní ṣóńṣó. Tí ẹ bá yí i padà, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, ẹ ó sì fọwọ́ kan irun wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Bí a kò bá gé e, ó lè ga ju ènìyàn méjì lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ewéko inú àgbàlá bá ń tiraka láti wà láàyè, ewúro tí a fi sílẹ̀ láìgé máa ń tanná. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, ó kó ara jọ sórí ẹ̀ka ní ṣùṣù, òórùn dídùn sì wà lára rẹ̀. Àwọn oyin mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró tì í láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tó bá sọ pé ewúro kò lẹ́wà, bóyá kò tíì jẹ́ kó tanná rí ni.

Ìkorò rẹ̀ ńkọ́? Ohun ìjà rẹ̀ ni. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní Amẹ́ríkà yọ èròjà méjì jáde nínú rẹ̀, wọ́n sọ wọ́n ní vernodalin àti vernomygdin. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò lè jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Kì í ṣe àwa nìkan la mọ ìwúlò rẹ̀. Ní ọdún 1987, nínú igbó òkè Mahale ní Tanzania, onímọ̀ kan, Michael Huffman, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, Mohamedi Seifu, rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo rẹ̀, ó ń jẹ inú rẹ̀, ó ń mu omi rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń mókun. Àwọn ènìyàn agbègbè ibẹ̀ sì ti ń fi ewéko yìí tọ́jú inú rírun tipẹ́tipẹ́. Nílé níbí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà láti òkè òkun, ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ń dán ewúro wò bóyá ó lè gba ipò èròjà tó ń mú bíà korò.

Ní ti oúnjẹ, Navy Town, bárékè àwọn ọmọ ogun ojú omi tí a péjọ sí yìí, jẹ́ ibi tó yẹ jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí gbogbo ẹ̀yà ló wà nínú bárékè. Ìdílé Ìgbò ń wá onugbu fún ọbẹ̀. Ará Àríwá ń pè é ní shuwaka. Ẹni tó bá ti gbé Kamẹrúùnù kò lè gbàgbé ndolé. Igi kan náà ni. Ẹ wo bí ìyá tó mọ iṣẹ́ ṣe ń fọ̀ ọ́: ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á mọ́ ara wọn, ìfófòó yọ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ aṣọ, omi di àwọ̀ ewé. Ó fún un, ó da omi nù, ó tún bu òmíràn, ó tọ́ ọ wò, títí ìkorò rẹ̀ yóò fi ku ìwọ̀n tí ẹnu ilé rẹ̀ ń fẹ́. (Omi oníyọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sídìí ohun ọ̀gbìn.) Ewé tó ń ti àgbàlá ara ẹni wá nígbà tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n lọ́jà kì í ṣe ohun kékeré nínú ìnáwó ilé.

Ohun kan tún wà tó kan ìdílé ọmọ ogun gan-an. Wọ́n lè gbé bàbá tàbí ìyá kúrò ní Ọ̀jọ́ lọ sí Kàlàbá láàárín oṣù kan. Òdòdó tó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ yóò kú kí ìdílé tuntun tó tú ẹrù wọn. Ewúro yóò dúró dè wọ́n. Ẹni tó gbìn ín lè má jẹ nínú ewé rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn yóò jẹ.

4. Bí a ṣe ń gbìn ín

Mo ti sọ pé ewúro máa ń fara da ọ̀dá. N kò ní kí ẹ gún un sílẹ̀ kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà nìyí. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ló le.

Ọ̀pá ni à ń gbìn. Ẹ wá ẹ̀ka tó ti gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní tútù, tó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ gé e ní gígùn bí láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní dídà, ẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má bàa jẹ́ pé òdì lẹ ó gbìn ín. Ẹ já gbogbo ewé ara rẹ̀. Ẹ rì í wọlẹ̀ ju ìlàjì lọ. Ẹ jẹ́ kó fì díẹ̀, kó má dúró ṣánṣán, nítorí ọ̀pá tó fì ń yọ ọ̀mùnú púpọ̀. Àyè mítà kan láàárín igi kan sí èkejì tó. Tó bá jẹ́ ọgbà lẹ fẹ́ fi í ṣe, ìdajì mítà ti tó.

Ìgbà wo? Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún bá ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ìgbà yẹn bá fò, kó gbìn ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má gbìn ín ní oṣù Kọkànlá, ìyà lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́. Tí òjò bá fà sẹ́yìn láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ bomi rin ín; lẹ́yìn náà, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ní apá ọ̀sà, tí omi ń dúró sí, ẹ kó ilẹ̀ jọ ga kí ẹ tó gbìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pá yóò rà. Nínú iyanrìn, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ewé tí à ń gbá jọ láàárọ̀ tí à ń dáná sun ni mò ń sọ. Ẹ yé sun ún. Aṣọ ilẹ̀ ni.

Gígé náà ní ìgbà. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gé e wá sí ìbàdí, yóò sì rú ọ̀mùnú rọ̀ǹgbà. Láti ìgbà náà, ẹ máa ká a díẹ̀díẹ̀. Nínú ọyẹ́, ẹ má já a ní ìhòòhò. Ohun tó kù lára rẹ̀ ló fi ń mí. Kí ẹ sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ìkorò ewúro kì í dí ewúrẹ́ lọ́wọ́. Ní Ethiopia, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fi í ṣe.

5. Àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan sọ pé ewúro kì í ṣe ohun ojú ilé, pé ẹ̀yìnkùlé ni ipò rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ewéko igbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Eriogonum, ewé rẹ̀ kéré, òdòdó rẹ̀ funfun, ó ń hù lórí òkè gbígbẹ àti nínú iyanrìn etíkun. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onílé kò kà á sí; koríko tútù tí à ń bomi rin ni ọ̀làjú. Nígbà tí ọ̀dá líle dé, ní ọjọ́ kínní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Gómìnà Jerry Brown pàṣẹ pé kí àwọn ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ohun ọ̀gbìn tó lè fara da ọ̀dá rọ́pò koríko tó fẹ̀ tó 50 mílíọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Ewéko tí wọ́n ń fojú di wá bọ́ síwájú ilé. Kò yẹ kí àwa dúró de àṣẹ gómìnà kí a tó ṣe ohun tó yẹ.

Àwọn mìíràn sọ pé, “Àgbàlá mi ti di ìńtálọ́ọ̀kì láti ògiri dé ògiri.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Síbẹ̀, ẹ yọ bíríkì díẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kí àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ṣí sílẹ̀. Igi kan yóò gba ibẹ̀, omi òjò náà yóò sì rí ọ̀nà gbà wọlẹ̀.

Àwọn kan ṣì kù tí n kò fẹ́ fi ojú fò: àwọn tó ń mu omi ewúro bí oògùn àtọ̀gbẹ. N kò dúró níhìn-ín láti ta oògùn. Ẹni tó bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó dà wọ́n pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àti bí igi àgbàlá ni mo ṣe ń ro ẹjọ́ ewúro, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kúrò lórí pèpéle. Ẹ̀yin alákòóso bárékè, ibi tí ẹ bá fẹ́ fi ìksórà ṣe ọgbà láàárín ilé kan sí èkejì, ẹ fún ewúro ní ìlà kan níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ní LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín jáde láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ewéko tó là á já láìsí ẹni tó bomi rin ín ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yorùbá kí ìyá ọlọ́jà lè kà á. Ẹ̀yin tí ewúro ti wà nílé yín, nígbà tí òjò oṣù Kẹrin bá dé tí ẹ bá ń gé e, ẹ má da ọ̀pá rẹ̀ nù. Ẹ kó o fún aládùúgbò tí kò ní, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín bá a gbìn ín.